Ẹ Jẹun Ná, Ká Tó Sọ̀rọ̀ Iṣẹ́

Bí ẹ bá wá iṣẹ́ wá sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà mi nílé búrẹ́dì rẹ̀ lẹ́yìn Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, oúnjẹ lẹ máa kọ́kọ́ bá pàdé. Kò ní béèrè orúkọ yín, kò ní béèrè ẹni tó júwe ibẹ̀ fún yín. Ó máa nawọ́ sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó máa ní kí wọ́n bu ẹ̀bà tàbí ìrẹsì wá, ohun tí wọ́n bá sè lọ́jọ́ náà, á sì jókòó tì yín títí ẹ ó fi fọwọ́. Bí ẹ bá ní ẹ ti jẹun nílé, ẹ̀ ń tan ara yín ni. Mo rí ọkùnrin kan tó búra pé òun ti yó. Ìyá Àgbà ní ó dáa, kó máa jókòó, ebi á pa á tó bá yá, òun ò kánjú. Ọkùnrin náà jẹun.

Ìdí ni pé Ìyá Àgbà kì í bá ẹni tí ebi ń pa dá àdéhùn. Ó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ á kàn máa mi orí sí gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ fún un, tó bá yó tán lọ́la, á wá rí i pé iṣẹ́ tí òun ò lè ṣe lòun gbà, á wá máa bínú sí ìyẹ̀fun. Ẹ lè rò pé àwàdà ló ń ṣe. Kò ṣe àwàdà rárá. Ó gbà tọkàntọkàn pé tí ẹni tó ń po ìyẹ̀fun bá ń bínú, búrẹ́dì ò ní wú.

Tí ẹ bá jẹun tán, ẹ ó dìde, ẹ ó bá a lọ síwájú ààrò. Ẹlẹ́rìí kan láti ọ̀dọ̀ yín, ẹlẹ́rìí kan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Á wá sọ tirẹ̀: aago tí iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, aago tó ń parí, ọjọ́ tí owó ń jáde, ohun tó máa ṣe fún yín tí ara yín ò bá yá, àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ ò ní ṣe sí yín láéláé. Lẹ́yìn náà ló máa béèrè ọ̀rọ̀ tó máa ń já àwọn èèyàn láyà. "Ìwọ ńkọ́, kí lo ò ní ṣe?"

Ẹ kúkú mọ bí a ti rí lápá ibí. Ta ló fẹ́ dúró síwájú àgbàlagbà tó fẹ́ fún un níṣẹ́, kó máa ka ohun tí òun ò ní ṣe? Ńṣe ni wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á ní ohunkóhun tí Mámà bá fún àwọn, àwọn á gbà á, mà. Kò sí ọ̀rọ̀ tí Ìyá Àgbà kórìíra tó ìyẹn. Ó ní ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ò bọ̀wọ̀ fún òun, ó kàn ń gbé ẹrù tirẹ̀ fún òun rù ni.

Nígbà tí Àǹtí Rísì, ọ̀kan nínú àwọn tó pẹ́ jù nílé búrẹ́dì náà, kọ́kọ́ dé láti Ìrẹsà, ọmọge ni. Ó jẹun, ó kúnlẹ̀, ó ní ohun tí Mámà bá fún òun náà ni. Ìyá Àgbà ní kó máa lọ sílé, kó lọ ronú, kó padà wá lọ́la. Ó padà wá lọ́la, ó tún jẹun, ó tún kúnlẹ̀, ó tún sọ ọ́. Wọ́n tún ní kó máa lọ. Nígbà tó máa fi dé lẹ́ẹ̀kẹta, omijé ti wà lójú rẹ̀, ó dìde dúró, ó ní òun ò ní ṣiṣẹ́ lásìkò ìrun Jímọ̀, òun ò ní gbé àpò ìyẹ̀fun tí òun bá lóyún, àti pé ọjọ́ tí apá òun ò bá ká iṣẹ́ pípò mọ́, kí wọ́n má ṣe lé òun lọ, kí wọ́n wá iṣẹ́ ìjókòó fún òun. Wọ́n ní Ìyá Àgbà jó níwájú ààrò lọ́jọ́ náà. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé ọmọbìnrin yìí ti ní ẹnu.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìjókòó yẹn lẹ rí i pé mo tìtorí ẹ̀ ń kọ èyí. Nígbà tí Ìyá Àgbà kú, àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì ti ṣáájú rẹ̀ lọ, ẹ̀yìn sì ti ń ro Àǹtí Rísì débi pé tó bá tẹ̀ báyìí, ó di kí ẹnìkan fà á dìde. Gbogbo ohun tó ní nílé búrẹ́dì yẹn, ẹnu Ìyá Àgbà ló wà. Ẹnu náà sì ti pa dé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí Ìyá Àgbà jẹ́ fún yín ná.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, kò sì jẹ́ kí ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan gbàgbé. Tó bá ń kí yín, ẹ wá àyè jókòó. Á kí yín kú iṣẹ́, á kí yín kú ilé, á béèrè ìyàwó, á béèrè àwọn ọmọ, á béèrè ìyá ìyàwó, á tún wá béèrè àwọn adìyẹ. Tó bá wá kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́, gbogbo ìyẹn á pòórá. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ọ̀dọ̀ àǹtí ìyá rẹ̀ kan tó ń ṣe búrẹ́dì ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló gbé. Òun ló ń ṣẹ́gi, òun ló ń pò, òun ló ń kiri. Tó bá béèrè ohun tó máa jẹ́ tirẹ̀, wọ́n á ní ọmọ ilé ni, ọmọ ilé kì í béèrè. Nígbà tó tó ẹni tó ń lọ sílé ọkọ, ohun tí wọ́n fi sìn ín sọ́nà ni àdúrà. Ó ní àdúrà náà gbà o, òun ò sọ pé kò gbà, ṣùgbọ́n àdúrà nìkan kọ́ lòun fi ọrùn ru igi fún.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní ọmọ ilé lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo kọ́ ọ nígbà tí mo jáde sẹ́kọ́ńdìrì, tí mo wá ń bá a di búrẹ́dì sínú náílọ̀nù. Ó ní kí n wá dúró síwájú ààrò. Mo ní, Ìyá Àgbà, ṣebí ọmọ ilé ni mí. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Nílé, ọmọ ilé ni ẹ́, Bùkọ́lá. Níbí, iṣẹ́ lo wá ṣe."

Mo wá ní, kò burú, èmi ò ní jí ní ìdájí. Aago méje ni n ó máa dé. Mo rò pé á bá mi jà. Ó ní ó gbà, ó ní ẹlẹ́rìí gbọ́. Gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó jí mi. Ṣùgbọ́n ìdájí ni wọ́n ń jẹ búrẹ́dì gbígbóná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ààrò jáde, pẹ̀lú bọ́tà, gbogbo wọn á jókòó yíká, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí n ó bá fi dé, èérún ni n ó bá. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kí a tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ó pe ẹlẹ́rìí padà láìrẹ́rìn-ín rárá, a tún un sọ, mo sì ń jí ní ìdájí láti ọjọ́ náà. Ẹ ò rí i pé obìnrin yìí lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín.

Ìjà rẹ̀ pọ̀, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ṣọ́ọ̀ṣì. Áńgílíkà ni wá. Wọ́n fẹ́ gba bàbá kan tí yóò máa gbálẹ̀, tí yóò máa ṣọ́ ọgbà. Ní ìpàdé, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ dìde, ó ní iṣẹ́ Olúwa ni, kò yẹ ká máa sọ̀rọ̀ àkókò àti owó oṣù sí i, èrè bàbá náà ń bẹ lọ́run. Gbogbo wa ṣe àmín. Ìyá Àgbà dìde, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà níkọ̀ọ̀kan bíi ti ọmọ Ọ̀yọ́, ó ní ohun kékeré kan lòun fẹ́ béèrè. "Ẹ̀yin náà ńkọ́ sà, ṣé ọ̀run ni wọ́n ti ń san tiyín?"

Àlùfáà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀ nu. Wọ́n pe bàbá náà wọlé, wọ́n sọ aago tí yóò máa dé fún un àti aago tí yóò máa lọ, wọ́n sọ owó oṣù, wọ́n tún fún un ní Mọ́ńdè láti fi sinmi. Àgbà ìjọ yẹn kọ̀ láti kí Ìyá Àgbà fún ìgbà pípẹ́. Kò mì ín. Ó ní kíkí ò sí nínú àdéhùn àwọn méjèèjì.

Bàbá Àgbà, tó ṣe tíṣà títí tó fi fẹ̀yìn tì, máa ń sọ pé òun ni òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ tí obìnrin náà gbà. Nígbà tó ń dẹnu kọ ọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tó mọ̀ ló kó sílẹ̀. Ọmọbìnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní òun máa fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n òun ò ní dáná lọ́jọ́ Sátidé. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbà, ó rò pé eré ni. Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó jókòó sídìí tábìlì títí ọ̀sán fi pọ́n. Láti ìgbà náà ló ti ń se ẹ̀wà lọ́jọ́ Sátidé, iyọ̀ rẹ̀ sì máa ń pọ̀. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá ó dùn ún. Ó ní, "Ìyá rẹ àgbà ò já mi kulẹ̀ rí. Gbogbo ohun tí ò ní ṣe ló ti sọ fún mi kó tó wọlé mi."

Ẹ má rò pé àwọn ẹlòmíì nìkan ni Ìyá Àgbà ń fi ọ̀rọ̀ dè. Ọ̀kan nínú ohun tó máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbà ni pé òun ò ní bú u lójú oníbàárà. Lọ́jọ́ kan, òjò ń rọ̀, àwọn tó ń gba búrẹ́dì lọ tà kún ẹnu ọ̀nà, Àǹtí Rísì sì gbàgbé iyọ̀. Odindi ààrò kan, kò sí iyọ̀ níbẹ̀. Ìyá Àgbà tọ́ ọ wò, ló bá bú u lójú gbogbo wọn, ó bú orí rẹ̀, ó bú ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó bú u tán ló tó rántí ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó dúró títí àwọn oníbàárà kan náà fi pé. Ó ní òun bú Rísì lójú wọn lánàá, bẹ́ẹ̀ òun ti sọ fún un lọ́jọ́ tó dé pé òun ò ní ṣe é, ó ní kí Rísì má bínú. Àǹtí Rísì sá lọ sẹ́yìn àwọn àpò ìyẹ̀fun, ó ń bẹ Mámà látibẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n kúkú tún bú òun, ìyẹn rọ òun lọ́rùn ju èyí lọ. Obìnrin oníbàárà kan ní kò yẹ kí àgbàlagbà máa bẹ ọmọdé. Ìyá Àgbà dá a lóhùn pé, "Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Ṣé ẹnu tìrẹ ni kí n fi pa á mọ́?"

Èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ, tí àwọn ará àdúgbò ò tíì sọ tán dòní, ni ọjọ́ tó gba ọmọ bíbí inú rẹ̀ síṣẹ́.

Orúnkún ló fà á. Kò lè dúró pẹ́ mọ́, ni Bọ̀ọ̀dá Dépọ̀, àbúrò ìyá mi, bá fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó, ó wálé wá bójú tó ilé búrẹ́dì. Èèyàn dáadáa ni Bọ̀ọ̀dá Dépọ̀, kí ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó kàn ń kánjú ni. Ó ra ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun, ó tẹ ìwé àdéhùn tuntun tí gbogbo òṣìṣẹ́ máa fọwọ́ sí, ohun tó sì wà nínú ìwé náà ni pé ẹni tí ara rẹ̀ ò bá gbé iṣẹ́ mọ́, kó máa lọ sílé. Ó pe Àǹtí Rísì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti kékeré ló ti ń pè é ní àǹtí, torí náà ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Ó ní, Àǹtí Rísì, ẹ ti gbìyànjú, ẹ lọ sinmi.

Ìyá Àgbà gbọ́. Mo wá láti Ọ̀yọ́, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, mo wá kí wọn lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, ni mo ṣe wà níbẹ̀. Bí Bọ̀ọ̀dá Dépọ̀ ti wọlé láàárọ̀, ìyá rẹ̀ nawọ́ sí àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ní kó jẹun. Bọ̀ọ̀dá ní, Màámi, kí lẹ̀ ń ṣe báyìí? Ó ní kó jẹun. Gbogbo òṣìṣẹ́ dúró, wọ́n ń wo ọ̀gá wọn tó ń gbé ẹ̀bà mì, kò sẹ́ni tó jẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú gbogbo wọn ń ṣeré. Mo ní láti wo òkè àjà.

Ó jẹun tán, ó dúró síwájú ààrò. Ìyá Àgbà ní èmi ni ẹlẹ́rìí òun, àwọn òṣìṣẹ́ ni ẹlẹ́rìí tirẹ̀. Ó ní títí òun fi máa kú, òun lòun ni ilé búrẹ́dì, iṣẹ́ ni Dépọ̀ wá ṣe. Ó sọ aago fún un, ó sọ ọjọ́ tí owó ń jáde, ó sọ pé ẹ̀rọ rẹ̀ dára, kó dúró, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí òun ti bá ẹnikẹ́ni sọ kó tó dé, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó wá bi í ní ohun tó ń bi gbogbo wọn.

Bọ̀ọ̀dá Dépọ̀ wolẹ̀. Gbogbo wa ń retí pé á ní ohun tí Màámi bá ti sọ náà ni. Ó gbé orí sókè, ó ní, "Mi ò ní máa jẹ́ ọ̀gá títí ayé lórí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe èmi ni mo bá wọn sọ. Bí ẹ bá ṣì wà, mo gbà. Ọjọ́ tí ibí bá di tèmi, èmi fúnra mi ni n ó bá wọn sọ tèmi."

Mo ti ń wá ibi tí n ó gbà jáde. Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́, pẹ̀lú orúnkún yẹn, ó yí po. Ó ní kí a gbọ́ o, ọmọ òun ti sọ òótọ́ inú rẹ̀, òun gbà. Ìwé tuntun wọ inú ààrò, wọ́n gbé àga fún Àǹtí Rísì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, òun àti Bọ̀ọ̀dá sì ń ṣiṣẹ́ pọ̀ láìsí ìjà. Àmọ́ Àǹtí Rísì ti gbọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Àti ọjọ́ náà lọ, tí Ìyá Àgbà bá wúkọ́ lásán, àyà rẹ̀ á já.

Ọ̀yọ́ ni Ìyá Àgbà ní kí wọ́n gbé òun wá nígbà tí àìsàn dá a wó, sílé bàbá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀. Àǹtí Rísì wọ mọ́tò wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó pe Bọ̀ọ̀dá Dépọ̀, kó kàn sọ gbólóhùn kan péré fún un lórí ọ̀rọ̀ òun kó tó lọ. Ìyá Àgbà gbá a lọ́wọ́ mú. Ó ní òun ò ní ṣe é.

Àǹtí Rísì sunkún títí tó fi lọ. Mo bínú, mi ò ní parọ́. Mo bi Ìyá Àgbà pé irú ìkà wo nìyẹn sí ẹni tó ti sìn yín tó báyìí. "Tí mo bá sọ ọ́, Dépọ̀ á gbà á nítorí mi. Mo ti ń lọ, Bùkọ́lá. Mo fẹ́ kó gbà á nítorí Rísì." Mo lọ po ògì fún un.

Ó sùn, kò jí mọ́. A gbé e padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, a sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Àgbà. Lẹ́yìn ìsìnkú, Bọ̀ọ̀dá Dépọ̀ ní kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo wọn wọlé, wọ́n kí i kú ará fẹ́ra kù, oníkálùkù sì gba ìdí iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àǹtí Rísì ò lọ síbi àga rẹ̀. Ó mú Àlíà, ọmọbìnrin rẹ̀, lọ́wọ́, ó lọ dúró síwájú ààrò. Kò kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá," ó ní, "a ò tíì sọ̀rọ̀."

Bọ̀ọ̀dá Dépọ̀ ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, kó máa bá iṣẹ́ lọ, ṣebí ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Àǹtí Rísì ní rárá o, ẹ ṣeun sà, òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Ni Bọ̀ọ̀dá bá wò yíká, ó rí mi, ó ní kí n wá ṣe ẹlẹ́rìí òun.

Àǹtí Rísì ní òun ò pò mọ́, òun ò tẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ojú òun àti ọwọ́ òun ṣì mọ ìyẹ̀fun tó ti tó àti èyí tí kò tíì tó, òun á máa jókòó kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ní Jímọ̀ òun ṣì wà níbẹ̀. Ó sọ ọ́ tán. Bọ̀ọ̀dá Dépọ̀ wo àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, Àlíà di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Bọ̀ọ̀dá wá ní òun gbà, nítorí láti ìgbà tí Àǹtí Rísì ti jókòó ti ẹ̀rọ yẹn, búrẹ́dì kan ò tíì bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó ní ṣùgbọ́n òun náà ní tòun: kò gbọdọ̀ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tuntun mọ́ pé òun ló ń nu imú Dépọ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Gbogbo ilé búrẹ́dì bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí Rísì ní òun ò ní sọ ọ́ lójú wọn. Bọ̀ọ̀dá ní lẹ́yìn wọn ńkọ́, Àǹtí Rísì ní ẹ̀yìn ò sí nínú àdéhùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. "Ó ku ọ̀kan, sà. Tí mo bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tí ẹkún Mámà bá gbé mi, ẹ má ní kí n dákẹ́."

Bọ̀ọ̀dá Dépọ̀ yíjú sí ààrò, ó sì pẹ́ kó tó kọjú sí wa padà.

"Èyí," ó ní, "ẹ fi èmi náà sí i."

Èmi ni ẹlẹ́rìí. Mo gbọ́ ọ.